Ìlú Tí Màmá Lọ, Báwo Ló Ṣe Jìnnà Tó?

Bíńtín jí láàárọ̀ Sátidé. Kó tó la ojú, ó ti fi ahọ́n kan eyín rẹ̀.

Eyín náà ṣì wà níbẹ̀.

Ó fi ahọ́n tì í síwájú. Fì.

Ó fi ahọ́n fà á sẹ́yìn. Fì.

"Má tíì yọ o," ni Bíńtín sọ fún un jẹ́jẹ́. "Òní ni Màmá ń bọ̀."

Bíńtín kọ́ lorúkọ tó ń jẹ́ nílé ìwé. Ìgbà tí wọ́n bí i, ó kéré bíńtín, bí ìbọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ká pọ̀. Ìyá àgbà gbé e mọ́ra, ó ní, "Ẹ wo bíńtín." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ní báyìí, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín rẹ̀ kan níwájú sì ń mì.

Bàbá Bíńtín ni alágbàfọ̀ àdúgbò. Ilé ìfọṣọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òkè ni wọ́n ń gbé.

Bàbá ń fọṣọ. Bàbá ń lọṣọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá dákẹ́, Màmá ló ń tú inú rẹ̀ títí yóò fi fọhùn padà.

Màmá mọ ẹ̀rọ tún ṣe dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn ńlá kan fi ránṣẹ́ pè é láti ìlú mìíràn. Gbogbo ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn ló ti dẹnu kọlẹ̀.

Màmá kó irinṣẹ́ sínú àpótí. Ó wọ bàálù. Ó lọ.

Ọjọ́ tó lọ gan-an ni eyín Bíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Màmá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́," ni Bíńtín wí.

"Èmi náà ni màá yọ ọ́," ni Màmá dáhùn. "Ṣáà jẹ́ kó dúró dè mí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bíńtín fi ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun. Ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì kó tó jẹ ẹ́. Kì í fọn fèrè. Kì í rẹ́rìn-ín kèékèé bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ṣé kí n bá ẹ fà á?" Bàbá á bi í.

"Mm-mm."

"Ṣé kí n fi òwú so ó?" Ìyá àgbà á bi í.

"Mm-mm." Bíńtín á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Láàárọ̀ òní, eyín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má di nǹkan kan mú mọ́. Ó kàn rọ̀ síbẹ̀, fì, fì, bí aṣọ tí pẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo mú lórí okùn.

Ó wá di dandan kí Bíńtín mọ nǹkan kan. Ìlú tí Màmá lọ, báwo ló ṣe jìnnà tó? Ṣé eyín yìí á lè dúró?

Ó kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ó sì fẹ́ràn kó máa kọ́ èèyàn ní nǹkan. Gbogbo ilé ló ń pè é ní Tíṣà.

"Àǹtí Tíṣà, ṣé ibi tí Màmá wà jìnnà?"

Tíṣà ṣí ìwé máàpù rẹ̀ sórí tábìlì. Ó fi ìka kan àmì dúdú kan. "Àwa nìyí." Ó fi ìka kan àmì mìíràn. "Màmá nìyí."

Bíńtín fi ìka wọn àárín àmì méjèèjì. Ìka kan, ìka méjì, ìka mẹ́ta.

"Ìka mẹ́ta péré ni," ló wí. Inú rẹ̀ dùn. "Tí Màmá bá na ọwọ́, wọ́n á kàn mí."

"Rárá o," ni Tíṣà wí. "Ìka mẹ́ta lórí ìwé ni. Lórí ilẹ̀, ẹgbẹ̀rún kìlómítà ni."

"Ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ gan-an."

"Ó pọ̀ ju ìka mẹ́ta lọ?"

"Ó pọ̀ jù ú lọ."

"Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta náà ni?"

"Ìka mẹ́ta náà ni," ni Tíṣà wí, ó sì pa ìwé dé.

Ó rú Bíńtín lójú. Ó wo ìka rẹ̀ mẹ́ta. Kò rí kìlómítà kankan lára wọn.

Fì, ni eyín rẹ̀ ṣe.

Ó lọ bá Ìyá àgbà. Ìyá àgbà jókòó nídìí fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan.

"Ìyá àgbà, ìlú tí Màmá lọ, ṣé ó jìnnà?"

Ìyá àgbà fi abẹ́rẹ́ gún ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi í síbẹ̀. Ó wo òkè àjà bí ẹni pé ọ̀nà náà wà níbẹ̀.

"Ó jìnnà, ọmọ mi. Ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ síbẹ̀. Orí àpò ìrẹsì ni mo jókòó sí. Táyà ọkọ̀ bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò pa wá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi rìn ín."

"Ọjọ́ mẹ́ta?"

"Gbáko. Ìdí mi kò fẹ́ rí àga sójú fún ọ̀sẹ̀ kan."

Bíńtín ka ọjọ́ lórí ìka. Òní, Sátidé. Ọ̀la, Sọ́ńdè. Ọ̀tunla, Mọ́ńdè.

Eyín yìí ò lè dúró di Mọ́ńdè. Kò dájú pé ó lè dúró di oúnjẹ ọ̀sán.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní òní ni Màmá ń bọ̀," ni Bíńtín wí.

"Òní náà ni," ni Ìyá àgbà dáhùn, ó sì padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Ó túbọ̀ rú Bíńtín lójú. Fì, fì.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ. Tà, tà, tà, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Wùrù-wọ̀ọ̀, wùrù-wọ̀ọ̀. Òórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀.

Ọkùnrin kan dúró níwájú káńtà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ó ga, ó sì sanra, débi pé tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀. Ó wá gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Bíńtín kí i. "Ṣé ẹ mọ ìlú tí Màmá mi lọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi," ni awakọ̀ dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi ń dé ibẹ̀?"

"Ọjọ́ mélòó kẹ̀? Wákàtí mẹ́rìndínlógún ni. Tí mo bá gbéra láago mẹ́rin ìdájí, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọ ìlú. Màá dúró kí èrò jẹun. Màá dúró kí èrò tọ̀. Màá dúró kí èmi náà na ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di eré."

Ó gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìmọ́lẹ̀ padà wọlé.

Bíńtín dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ti di wákàtí mẹ́rìndínlógún.

Bàbá wà nídìí tábìlì ìlọṣọ. Fìì, ni áyọ́ọ̀nù ń fẹ́ ooru.

"Bàbá, ìlú tí Màmá lọ, wákàtí mẹ́rìndínlógún ni àbí ọjọ́ mẹ́ta?"

"Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Wákàtí kan àbọ̀ ni. Bàálù á gbéra láago méjì ọ̀sán. Á balẹ̀ láago mẹ́ta àbọ̀."

Bíńtín jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí.

Ìka mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí mẹ́rìndínlógún. Wákàtí kan àbọ̀.

Bóyá ìlú márùn-ún ló wà, tí orúkọ wọn jọra. Bóyá Ìyá àgbà lọ sí ọ̀kan, tí awakọ̀ ń lọ sí òmíràn. Ta ló wá mọ èyí tí Màmá wà?

Ó tún ro nǹkan mìíràn. Ó rántí súwẹ́tà Ìyá àgbà tí wọ́n ṣèèṣì jù sínú omi gbígbóná. Súwẹ́tà náà súnkì, súnkì, títí tó fi kù bí ẹ̀wù bèbí.

"Bàbá," ni Bíńtín pè é láti inú agbọ̀n. "Ṣé ọ̀nà yẹn súnkì ni?"

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà ìlú tí Màmá lọ. Ìgbà ayé Ìyá àgbà, ó gùn. Lọ́dọ̀ awakọ̀, ó kúrú díẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, ó wá kúrú pátápátá. Ṣé òjò tó pa Ìyá àgbà ló jẹ́ kó súnkì?"

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú Bíńtín, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ọ̀nà kì í súnkì, Bíńtín. Ibi tó wà láyé ìgbà yẹn náà ló ṣì wà lónìí."

"Kí ló wá dé?"

Bàbá la ẹnu láti ṣàlàyé. Grìn, ni aago ilẹ̀kùn dún. Oníbàárà méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ní, "Mò ń bọ̀, jẹ́ kí n dá wọn lóhùn." Kò sì padà bọ̀ bọ̀rọ̀.

Bíńtín kúrò nínú agbọ̀n. Ó jáde sí àgbàlá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó rú u lójú débi pé kò mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni rọ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀yìn.

Ìyá àgbà náà jáde. Ó gbé ọpọ́n aṣọ tútù kan dání.

"Bá mi kà á, Bíńtín," ni Ìyá àgbà wí. "Jẹ́ ká wo ìṣísẹ̀ mélòó ló kù fún ẹsẹ̀ àgbà yìí."

Bíńtín ń kà á. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ìyá àgbà yí táǹkì omi po. Ìyá àgbà yẹra fún ibi tó ń yọ̀. Ìyá àgbà dúró, ó mí, ó tún ń lọ.

Ìgbà tó fi dé ìdí okùn, Bíńtín ti kà dé ogójì.

"Áà, mo gbàgbé pẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ọ̀nà," ni Ìyá àgbà wí. "Sáré bá mi mú un wá."

Bíńtín sáré. Fìrì. Ó gba abẹ́ àwọn aṣọ tó rọ̀ kọjá tààrà, kò yí táǹkì kankan po. Ó ń kà á bó ṣe ń lọ, torí ẹnu rẹ̀ kò tíì dákẹ́ kíkà. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje.

Èje. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Bíńtín dúró sójú kan.

Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. Ìyá àgbà ṣì wà nídìí okùn. Àgbàlá ò kúrò níbi tó wà.

Ó mú pẹ́ẹ̀gì, ó sáré padà. Ení títí dé èje.

Ó wá rìn bíi ti Ìyá àgbà. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó yí táǹkì po, ó dúró, ó mí. Ogójì. Ó tún lé méjì.

"Kí lò ń ṣe?" ni Ìyá àgbà bi í. "O ń sín mi jẹ?"

"Rárá o, Ìyá àgbà. Mò ń wo àgbàlá ni. Ó jẹ́ ogójì lọ́dọ̀ yín. Ó jẹ́ èje lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kò súnkì."

"Àgbàlá wo ló máa súnkì?"

"Àgbàlá kan náà ni," ni Bíńtín ń sọ fún ara rẹ̀. "Ọ̀nà kan náà ni. Ìrìn wa ni kò dọ́gba."

Ọkọ̀ akẹ́rù Ìyá àgbà rọra rìn. Bọ́ọ̀sì awakọ̀ yára jù ú lọ. Bàálù sáré, ó sì gba òkè kọjá tààrà.

Ìlú kan ṣoṣo ni. Ibẹ̀ náà ni Màmá wà.

Bíńtín sáré wọlé lọ sọ fún Bàbá. Bàbá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ni Bàbá wí. "O ti bá mi sọ ọ́."

"Ó ku ẹyọ kan," ni Bíńtín wí. "Wákàtí kan àbọ̀, báwo ló ṣe gùn tó?"

Bàbá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà nítòsí fèrèsé. "Tí ẹ̀rọ yìí bá fọṣọ lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni. Tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn."

Bíńtín mọ ìyẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì. Eyín yìí lè dúró kí ẹ̀rọ fọṣọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, fóònù Bàbá dún. Màmá ni.

"Mo fẹ́ wọ inú bàálù báyìí," ni Màmá wí. "Bíńtín, ṣé eyín ṣì wà?"

"Ó wà, Màmá."

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Aago méjì lù. Bàbá kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sínú ẹ̀rọ. Bíńtín fi ìka tẹ bọ́tìnnì.

Wùrù-wọ̀ọ̀. Wùrù-wọ̀ọ̀.

Bíńtín jókòó síwájú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ rí roboto bíi fèrèsé bàálù. Ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀, ó funfun bí ìkùukùu.

Píì. Píì. Píì.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Bíńtín wí. Kò la ẹnu púpọ̀.

Bàbá kó aṣọ mìíràn sí i. Wùrù-wọ̀ọ̀. Wùrù-wọ̀ọ̀. Tíṣà wá jókòó tì í. Ìyá àgbà wá jókòó tì wọ́n. Ìyá àgbà sùn lọ.

Píì. Píì. Píì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Bíńtín dìde. Ó sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Grìn.

Obìnrin kan ń bọ̀. Kì í ṣe Màmá.

Ọkọ̀ kan dúró. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe Màmá.

Ajá kan kọjá. Ó wo Bíńtín, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ̀rọ ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ò sí níbí. Ṣé bàálù ṣìnà ni?"

Kí Bàbá tó dáhùn, fóònù dún. Bíńtín ló gbé e.

"Bíńtín mi, mo ti dé," ni Màmá wí.

Bíńtín wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ káńtà. Ó gbé aṣọ tó wà nínú agbọ̀n sókè, ó wo ibẹ̀ náà.

"Mi ò rí yín, Màmá."

"Ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí ni mo wà. Mò ń dúró de àpótí mi. Ó kù díẹ̀."

Màmá pa fóònù.

"Wọ́n ní àwọn ti dé," ni Bíńtín sọ fún Tíṣà. "Wọn ò sì tíì dé."

"Wọ́n ti dé ìlú," ni Tíṣà wí. "Wọn ò tíì délé."

"Pápákọ̀ òfurufú, ìka mélòó ló fi jìnnà sílé wa?"

Tíṣà ṣí máàpù. Ó wò ó títí. "Kò tó ìka kankan. Kò tó orí abẹ́rẹ́."

"Á jẹ́ pé wọ́n á dé báyìí báyìí."

"Ó lè tó wákàtí kan," ni Tíṣà wí. "Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì."

Ẹgbẹ̀rún kìlómítà, wákàtí kan àbọ̀. Orí abẹ́rẹ́, wákàtí kan. Bíńtín di orí mú. Ohun tó ti yé e láàárọ̀ tún fẹ́ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó bojú wo àgbàlá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ẹsẹ̀ Ìyá àgbà ni Màmá ń rìn báyìí. Wọ́n ń yí táǹkì po."

"Táǹkì wo?" ni Tíṣà bi í.

Bàbá pè é. "Bíńtín, wá bá mi ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì yìí. Ìdúró á tètè tán tí ọwọ́ bá dí."

Aṣọ náà tóbi ju Bíńtín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bàbá di etí méjì mú lọ́hùn-ún. Bíńtín di etí méjì mú níhìn-ín. Ó na ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó na ọwọ́ sósì, bí ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n àárín aṣọ fẹ́ kan ilẹ̀.

"Má jẹ́ kó kan ilẹ̀ o," ni Bàbá wí.

Ọwọ́ Bíńtín méjèèjì ti kún. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi eyín gbá àárín aṣọ mú.

Bàbá ò rí i. Bàbá gbọn aṣọ bó ṣe máa ń gbọn ọ́. Fàá.

Pọ́.

Bàbá wo aṣọ.

Nǹkan funfun kékeré kan wà láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bíńtín fi ahọ́n wá eyín rẹ̀. Kò sí eyín. Ihò ló wà níbẹ̀, ó rọ̀, ó sì ní ìtọ́wò irin.

"Mo ní kó dúró," ló wí. "Mo sọ fún un."

Omijé dé. Bàbá kúnlẹ̀, ó gbá a mọ́ra, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti gbogbo rẹ̀.

"Èmi ni mo fà á," ni Bàbá wí. "Mi ò mọ̀. Má bínú sí mi."

Ìyá àgbà bu omi iyọ̀ wá, ó ní kó fi yọ ẹnu. Tíṣà mú eyín náà, ó fọ̀ ọ́, ó fi í sínú ife kékeré. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Aṣọ yìí ti dọ̀tí," ni Bàbá wí. "A ní láti tún un fọ̀."

Wùrù-wọ̀ọ̀. Wùrù-wọ̀ọ̀.

Bíńtín jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kí Màmá tètè dé. Kò sì fẹ́ kí Màmá tètè dé. Ó fẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tó tóbi jù nínú wọn.

Kí ló máa sọ fún Màmá? Màmá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nítorí eyín. Eyín ti lọ.

Aṣọ ń yí. Ẹ̀jẹ̀ parẹ́. Ọṣẹ parẹ́. Omi ṣàn lọ. Gbììì, ni ẹ̀rọ fún aṣọ gbẹ.

Píì. Píì. Píì.

Grìn.

Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Irun rẹ̀ pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó fi orí ti fèrèsé sùn. Àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ni Màmá wí. "Bíńtín mi dà?"

Bíńtín wà nínú agbọ̀n aṣọ. Ó fa aṣọ bora. Ojú rẹ̀ nìkan ló yọ sóde.

Màmá gbé àpótí kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú agbọ̀n. "Ṣé inú ń bí ẹ sí mi ni?"

Bíńtín mi orí. Rárá.

"Ṣé ara ẹ ò yá?"

Bíńtín mi orí. Rárá.

"Ṣé o ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀?"

Bíńtín rò ó. Lẹ́yìn náà, ó la ẹnu.

Màmá rí ihò náà.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dúró," ni Bíńtín wí. Atẹ́gùn gba inú ihò kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń súfèé. "Ó dúró ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó dúró kí ẹ̀rọ fọṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò lè dúró dé."

"Èmi náà sáré tó bí mo ṣe lè sáré," ni Màmá wí. "Mo jókòó sínú tasí, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mò ń wà á. Kì í ṣe ẹ̀bi eyín. Kì í ṣe ẹ̀bi tìẹ náà."

Bàbá na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn káńtà. "Ẹ̀bi tèmi ni. Èmi ni mo fà á."

Màmá wò ó. "Alágbàfọ̀ tó ń fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì yọ eyín."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tíṣà bá a rín in. Bàbá náà rín in. Bíńtín ò fẹ́ rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba inú ihò eyín jáde fúnra rẹ̀, fííì. Ló bá ń rẹ́rìn-ín kèékèé, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là gbàgà.

"Dúró ná," ni Màmá wí. "Má pa ẹnu dé."

Màmá lọ fọ ọwọ́. Ó padà wá. Ó ti ìka kan bọ ẹnu Bíńtín, ó sì fọwọ́ kan eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà.

Fì.

Ojú Bíńtín là. Ó fi ahọ́n kàn án fúnra rẹ̀.

Fì.

"Òmíràn ti ń mì," ni Màmá wí.

"Ìgbà wo ló máa yọ?" ni Bíńtín bi í.

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ó lè pẹ́, ó lè yá."

"Ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́?"

"Èmi ni. Mi ò sì ní lọ síbì kankan kó tó yọ."

Bíńtín ronú sí i díẹ̀. Kò fi ìka wọn nǹkan kan. Kò ka nǹkan kan. Ó jáde nínú agbọ̀n, ó gun orí itan Màmá, ó sì fi orí ti àyà rẹ̀.

Níta, ọkọ̀ ń kọjá. Lókè ọ̀run, bàálù kan ń lọ sí ìlú kan. Nínú ilé ìfọṣọ, ẹ̀rọ ti dákẹ́, kò sì sí ẹni tó wo aago.